Kí Aṣọ Òfì Wa Tó Dé Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ní Kàbà

  

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran àwọn ahunṣọ abúlé lọ́wọ́, kí aṣọ wọn lè di ọjà tí à ń kó lọ sókè òkun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n a ò ní fi dídùn rẹ̀ tàn yín. A ti dán an wò rí, a sì kùnà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti kùnà, torí pé ibẹ̀ la ti rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rí aṣọ òfì lára ọmọ ẹgbẹ́ wa kan níbi ìgbéyàwó. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní ká ṣe irú rẹ̀ 40 fún òun láàárín oṣù méjì, kí gbogbo wọn rí bákan náà. Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. A pín iṣẹ́ náà fún ahunṣọ 11 ní abúlé mẹ́ta.

Ọjọ́ tí a kó aṣọ náà jọ, tí a tẹ́ wọn léra wọn, ojú tì wá. Èyí gùn, èyí kúrú. Èyí fẹ̀, èyí tín-ín-rín. Aró ti èyí ṣú, ti èyí mọ́lẹ̀. A fọ ọ̀kan wò, aró ya sí gbogbo ojú ibi tó funfun. Nígbà tí oníbàárà yẹ̀ wọ́n wò, 23 péré ló gbà. 17 padà sọ́wọ́ wa, gbèsè òwú sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́.

A fi ìbínú lọ bá àwọn ahunṣọ. Ìyá àgbà kan ní ìhà Bùnú jẹ́ ká rojọ́ wa tán, wọ́n wá bi wá pé, "Kí lẹ fún wa tí a ó fi wọ̀n ọ́n?" Ẹnu wa wọhò. Apá ni kálukú fi wọn aṣọ tirẹ̀, apá ẹnìkan ò sì gùn bí apá ẹnìkejì. Ìyá náà tún ní, "Ẹ ò fún wa ní ìwọ̀n, ìkánjú lẹ fún wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí wa dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ọwọ́ àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ tipẹ́, àwa tí à ń bá wọn tajà la ò tíì mú ìwọ̀n wá.

Aṣọ wa ti ń rìnrìn àjò láti ọjọ́ pípẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tuntun ni kí aṣọ ilẹ̀ Yorùbá dé ilẹ̀ òkèèrè. Láàárín ọdún 1600 sí 1700, àwọn oníṣòwò Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ń ra aṣọ tí a hun ní ìhà tiwa ní Ìbínní, aṣọ Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní etíkun tó di Gánà lónìí. Ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀wù tí wọ́n fi aṣọ òfì rán wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wọn, láti ìhà Allada tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òní. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1659, ó kéré tán. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ wa ní ìgbèkùn ń ra aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, wọ́n ń fi í kọ́ èjìká. "Pano da costa" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aṣọ etíkun. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ní ilẹ̀ wa níbí ńkọ́? Elisha Renne, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, wá gbé láàárín àwọn ará Bùnú ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì kọ ìwé lórí aṣọ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995, "Cloth That Does Not Die" ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé aṣọ tí kì í kú. Inú ìwé yẹn ni ayé ti ń kà nípa aṣọ ìgbéyàwó Bùnú tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì òòró, àti nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn ẹni ńlá, tí egúngún náà ń gbé wọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn àgbà wa: wọ́n á ra búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, wọ́n á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á wá fi òwú rẹ̀ hun aṣọ ìpò. Ohun tó ti òkè òkun wá ni wọ́n sọ di ti Bùnú. Ṣé àwa ọmọ wọn ò wá lè sọ ti Bùnú di ohun tó ń lọ sókè òkun?

Ẹni tó ti rìn ín ṣáájú

A ò ní láti rìn jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ. Ògìdì ní Ìjùmú kò jìnnà sí Kàbà. Ọmọ Ògìdì ni Olóyè Nike Okundaye, tí a bí ní 1951. Ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ òfì àti aró. Ní 1974 wọ́n bá ikọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1983 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ilé, wọ́n ṣí ibi iṣẹ́ sí Ògìdì kí àwọn obìnrin ibẹ̀ lè máa hun aṣọ. Ní 2006, ìjọba Ítálì fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ nítorí bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ ran àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ayé wọn dojú rú níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n mọ iṣẹ́ ná. Wọ́n wá kọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n wá ibi tí oníbàárà ti lè rí ọjà. Àwa tiwa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà, ká tó máa sáré padà wá wá ahunṣọ.

Ẹ tún wo Gánà. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ híhun kéńtè sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀, kéńtè tí ẹ̀rọ tẹ̀ lójú aṣọ lásán ti kún ọjà káàkiri ayé, owó rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ kankan ní Bonwire. Orúkọ ńlá nìkan kò tó. Kí aṣọ tó di gbajúmọ̀ ni ó yẹ kí àwọn tó ni ín ti wà ní ìṣọ̀kan.

Kóńgò ahunṣọ

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta gaàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Bí olúkúlùkù bá gbé igbá ilé tirẹ̀ wá sọ́jà láti fi wọn gaàrí, ṣé oníbàárà á dúró? Kóńgò la fi ń wọ̀n, ìyẹn ló jẹ́ kí ará Lọ́kọ́ja lè rán ọmọ wá ra kóńgò mẹ́wàá láìwá fúnra rẹ̀. Oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kò lè fọwọ́ kan aṣọ kó tó rà á. Ìwọ̀n ló fi ń gbà wá gbọ́.

Èyí ni ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀. A ní kí káfíńtà gé ọ̀pá 11, gígùn wọn dọ́gba, a fàmì sí ibi tí fífẹ̀ aṣọ gbọ́dọ̀ dé, a pín wọn kárí. A tún gé aṣọ àwòṣe kan sí wẹ́wẹ́, a fún olúkúlùkù ní ègé kan kó máa wo àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń hun. Ọ̀pá igi lásán ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá kó aṣọ wá fún wa kò tún bá wa jiyàn mọ́.

Òwú ló tẹ̀ lé e. Òwú tí a rà lónìí àti èyí tí a rà lóṣù tó ń bọ̀ lè jẹ́ orúkọ kan náà kí àwọ̀ wọn má rí bákan náà, torí pé inú ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti pa wọ́n láró. Bí ẹgbẹ́ bá ra òwú iṣẹ́ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a pín in, gbogbo aṣọ á jọ ara wọn, owó òwú náà á sì dín.

Aró ńkọ́? Láti 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Yúróòpù ti fòfin de àwọn aró kan tó lè tú kẹ́míkà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ jáde lára aṣọ. Aró ẹlu tí àwọn ìyá wa ń rẹ kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n aró ẹlẹ́bu tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ kankan sí i, ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ẹ má lò ó fún aṣọ tó ń lọ sókè òkun. Kí a sì tó kó aṣọ kankan jáde, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Bí funfun náà bá yí àwọ̀ padà, aṣọ yẹn ò tíì tó lọ.

Ẹ sọ òótọ́ lórí aṣọ pẹ̀lú. Òfin Amẹ́ríkà ní ká kọ irú òwú tó wà nínú aṣọ, orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe é àti orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí tó ń tà á sórí lébẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá da òwú dídán ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ òwú lásán, ẹ má kọ ọ́ pé òwú lásán ni.

Iye tí a fi ń ta iṣẹ́ ọwọ́ wa

Ibí yìí ló ń dùn wá jù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye ọjà máa ń yí padà, bí a ṣe ń ṣírò ló ṣe pàtàkì. Ká ní òwú jẹ́ ₦9,000, aró ₦2,000, rírán àti fífọ̀ ₦1,000, owó ọkọ̀ ₦1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦13,500. Ìyá wa tà á ní ₦20,000, wọ́n ń dúpẹ́ pé àwọn jèrè ₦6,500. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi jókòó nídìí òfì. Ẹ pín in wò: díẹ̀ ló fi lé ní ₦1,000 lóòjọ́. Ẹni tó wá bá wa roko, ṣé á gba ìyẹn lọ́wọ́ wa? Owó iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń pè ní èrè. Bí a bá ka ọjọ́ kan sí ₦3,000, ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ₦18,000. Aṣọ náà ti ná wọn ní ₦31,500 kí èrè tó wọ̀ ọ́ rárá. Ohun tí wọ́n tà ní ₦20,000, àdánù ni wọ́n tà.

Nítorí náà ni àwọn ọmọ kò ṣe fẹ́ kọ́ ọ. Wọn ò ya ọ̀lẹ. Wọ́n kàn mọ ìṣirò ni.

Ẹ̀kọ́ kejì lórí owó, inú aṣọ 17 tó padà sọ́wọ́ wa la ti kọ́ ọ. A ò lè tà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. A gé wọn, a fi rán báàgì, fìlà àti aṣọ ìrọ̀rí. Báàgì ló kọ́kọ́ tán, owó òwú sì wọlé padà. A wá rí i pé obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè ró ìró lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń gbé báàgì. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣe aṣọ ńlá fún ìnáwó àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ká sì máa ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Ìwé àti òfin

Ẹ má bẹ̀rù ìwé. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkó ọjà jáde, tí wọ́n ń pè ní NEPC, ti wà láti 1976. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó ọjà lọ sókè òkun, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà sì lè forúkọ sílẹ̀. Báǹkì ló ń bá wa ṣe ìwé NXP fún ọjà tó ń jáde. Ẹnìkan ṣoṣo ní abúlé kò lè sáré gbogbo èyí, ẹgbẹ́ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ má sì gbé gbogbo ìrètí lé orílẹ̀-èdè kan. Ní 2000, Amẹ́ríkà ṣe òfin AGOA tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọjà Áfíríkà wọlé láìsan owó bodè. Ní 2015 wọ́n sún un síwájú, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ó máa dópin ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹni tó ṣe òfin ló mọ ìgbà tó máa ká a. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa wo Kútọnu, Lomé àti Àkìrá pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní 2021 ni àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: aṣọ ìpò àtijọ́ àti aṣọ ìgbéyàwó tí ìyá ìyá yín fi sílẹ̀ nínú àpótí, ẹ má tà á fún ẹni tó ń wọlé káàkiri. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgbàṣẹ. Àti pé bí èyí tó wà nílé bá lọ tán, inú kí ni àwọn ọmọ wa á ti wo ọnà? Tuntun ni ká tà. Ti àtijọ́ ni ìwé tí à ń kà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

A mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó ń sọ pé, "Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ ahunṣọ. Ẹ má fi owó àjẹṣẹ́kù wa ṣeré." Wọn ò jẹ̀bi. Owó tí wọ́n fi òógùn kó jọ ni, a sì ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní ká kó gbogbo rẹ̀ sí i. Ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí a yọ díẹ̀ nínú èrè ọdún yìí ra òwú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìkejì, kí a má gba iṣẹ́ oníbàárà kankan mọ́ àyàfi bó bá san ìdajì owó ṣáájú, kí owó ahunṣọ sì ti inú rẹ̀ jáde kó tó jókòó. Ìkẹta, kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú ọmọbìnrin méjì wá kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi iléèwé, kí a sì máa sanwó ohun tí wọ́n bá hun fún wọn.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú lórí ẹ̀kẹta yìí? Nínú ahunṣọ 11 tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kéré jù ti lé ní ẹni 50 ọdún. Méjì ti kú láàárín ọdún mẹ́ta yìí. A lọ kí àwọn ọmọ ọ̀kan nínú wọn. Òfì ìyá wọn ṣì gbára lé ògiri, apása ṣì wà níbẹ̀, aláǹtakùn ló ń hun tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n tí a fún wọn ni àwọn ọmọ náà fà lé wa lọ́wọ́. Ó wà níwájú yín lórí tábìlì yìí.

Ìyá àgbà Bùnú tó bá wa wí ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń hun. Wọ́n ní ká kí yín. Wọ́n tún ní ká bi yín pé, nígbà wo ni iṣẹ́ kejì ń bọ̀, nítorí pé ọmọ-ọmọ àwọn kan ti ń jókòó tì àwọn, ó sì ti mọ bí a ṣe ń tẹ́ òwú. Èsì tí a máa gbé padà fún wọn wà lọ́wọ́ yín ní ìpàdé òní.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run bùkún ẹgbẹ́ wa, kí ọjà wa máa tà, kí a má ṣe rí àdánù. Àmọ̀dún á bá wa láyọ̀.